Ọgbà Funfun Àjíbíkẹ́

Ẹni tó bá gba àdúgbò wa kọjá ní Mowé ní àárọ̀ Sátidé yóò gbọ́ bí irin ṣe ń ha ike. Àjíbíkẹ́ ló ń fọ ọgbà rẹ̀. Èmi tí mo ń ránṣọ ní òdìkejì títì, ìró náà ti sú mi.

Olúwadárasími, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ra ọgbà oníke tó yí ilé rẹ̀ ká náà fún un. Ó funfun báláú nígbà náà, kí n má purọ́, gbogbo wa la jowú. Kò pẹ́ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ni tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já pa ọmọ náà ní Ìbàfò. Olúgbádé, ẹ̀gbọ́n sí olóògbé ọkọ Àjíbíkẹ́, kó àwọn ọkùnrin ìdílé jọ, wọ́n lọ sin ín ní Ifọ̀. Ìyá kò bá wọn lọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í sì í fi ojú-oórì ọmọ han ìyá tó bí i. Títí dòní, Àjíbíkẹ́ ò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ Dára sí.

Ọgbà yìí nìkan ló wá kù tó lè tọ́jú. Nígbà tí ike náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dúdú, ẹ̀rù bà á.

"Dára ló ń bínú," ó sọ fún mi. "Ó rò pé mo ti gbàgbé òun."

Inú bí mi, mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Ó lọ ra kàn-ìn-kàn-ìn onírin, ó ń ha ọgbà bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Bó ṣe ń ha á tó ni àwọ̀ rẹ̀ ń burú sí i.

Èmi ni mo ránṣẹ́ pe Mùízz tó ri ọgbà náà. Ó fọwọ́ pa ike náà, ó mirí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kẹ́ ẹ máa fi irin ha á? Dídán ara ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí dì mọ́ ọn, ẹ sì ti ha á kúrò. Omi kànga yín náà, irin wà nínú ẹ̀, òun ló ń mú un pọ́n. Ẹ tún kọjú èéfín jẹnẹrétọ̀ sí i."

"Kí ni kí n wá ṣe?" Àjíbíkẹ́ bi í.

"Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Omi òjò ni kẹ́ ẹ máa lò, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń bà á jẹ́."

Àjíbíkẹ́ dúpẹ́. Èmi náà yọ̀, mo rò pé wàhálà ti tán.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó jókòó síwájú ọgbà náà, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Nígbà tí Olúgbádé ti Ifọ̀ wá kí i, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ mú mi dé ibi tẹ́ ẹ sin ọmọ mi sí. Mi ò ní sunkún. Mo kàn fẹ́ gbálẹ̀ ibẹ̀ ni."

"Ìyàwó, èèwọ̀ ni. Má béèrè ẹ̀ mọ́." Bàbá náà nu ojú ara rẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Kí n tó sọdá títì, Àjíbíkẹ́ ti fa omi nínú kànga, ó ti mú kàn-ìn-kàn-ìn onírin náà.

"Ìyá Dára, Mùízz ní ò ń bà á jẹ́."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.