Prógíráàmù Bàbá Olú Tí Kì Í Dá Ẹni Tí Kò Kí I Lóhùn

Ọjọ́ Ajé ni Alhájì, ọ̀gá wa, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ní, "Madam Kọ̀ǹpútà, ọjọ́ Ẹtì ni mo mọ̀. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ò bá lè fi fóònù wọn béèrè oògùn lọ́wọ́ ẹ̀rọ wa, ìwọ àti ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn lẹ jọ máa lọ." Kò pariwo. Ó mú kẹ́tùlù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Ilé tí wọ́n ń kó oògùn sí ni ibi iṣẹ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Market ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ti ń ra oògùn. Gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ, àti ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan máa kọjá àkókò, inú prógíráàmù kan ló wà, èyí tí Bàbá Olú, ará Kabba, kọ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Prógíráàmù náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ènìyàn jókòó níwájú rẹ̀ kó máa tẹ̀ ẹ́ nìkan ló mọ̀. Wọ́n ń ta irinṣẹ́ tó lè so irú rẹ̀ mọ́ fóònù, ṣùgbọ́n Alhájì gbọ́ iye rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Èmi tí ẹnu mi kì í dúró ni mo dáhùn pé a lè ṣe é láìrà á. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Iṣẹ́ náà kò le lójú mi. Mo fẹ́ la fèrèsé sára ilé àtijọ́ láìwó o. Bí ìbéèrè bá ti orí fóònù dé, ètò kékeré kan tí mo kọ yóò gbà á, yóò kọ ọ́ sínú fáìlì, yóò ṣí prógíráàmù Bàbá Olú, yóò sì gbé fáìlì náà fún un bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́. Èsì tó bá jáde, ètò mi yóò dá a padà sórí fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò dáhùn. Ọjọ́rú, kò dáhùn. Mo tún fáìlì kọ, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, mo jáde lọ wo odò, mo tún padà. Ó dákẹ́ bí ìyálé tó ń bínú. Màmá Tósìn, ọmọ Yàgbà tó ń tẹ prógíráàmù náà lójoojúmọ́, wò mí títí ó fi sú u.

"Ọmọ mi, ṣé o kí i?"

"Kí ta ni, mà?"

"Kọ̀ǹpútà. Mo máa ń kọ OKUN sí i láàárọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí n ò bá kọ ọ́, kì í dá mi lóhùn."

N kò mọ̀ rí, torí Màmá Tósìn ti máa ń ṣí prógíráàmù náà kí n tó dé. Okun ni àwa ọmọ Okun, láti Kabba dé Yàgbà, fi ń kí ara wa, ṣùgbọ́n ta ló ń kí ẹ̀rọ? Inú bí mi. Mo ní eré àgbàlagbà lásán ni. Mo wá ibi tí Bàbá Olú kọ ọ́ sí nínú prógíráàmù náà, mo yọ ọ́ kúrò. Kíá, èsì dé. Mo fò mọ́ Màmá Tósìn lọ́rùn. Mo béèrè oògùn ibà ọmọdé kan, mo tẹ nọ́ńbà ara ìgò rẹ̀, irú èyí tí gbogbo ìgò tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà máa ń ní, fóònù mi ní ó ṣì dára. Màmá Tósìn lọ sídìí ògiri, ó gbé páálí kan tó ti yà sọ́tọ̀ wá, ó gbé e síwájú mi. Nọ́ńbà kan náà ni. Oògùn yẹn ti kọjá àkókò láti oṣù mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló béèrè ńkọ́? Ọmọ ta ni ì bá mu ún?

Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Otokiti, àdúgbò tí Bàbá Olú ń gbé. Bàbá Olú jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń já ewé ẹ̀fọ́. Láti ẹnu géètì ni mo ti bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, kí ló dé tí prógíráàmù yín ń parọ́?" Ó ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Mo tún un sọ. Kò gbójú sókè. Ojú wá tì mí, mo kúnlẹ̀.

"Okun o, bàbá."

"Okun, ọmọ mi. Ṣé kò sí? Jókòó."

Ó ní bátìrì tó ń bá kọ̀ǹpútà yẹn rántí ọjọ́ ti kú tipẹ́, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bí iná bá lọ, ó ti gbàgbé ọjọ́ òní nìyẹn, á padà sí ọjọ́ àtijọ́ kan, oògùn tó ti kọjá àkókò á sì dà bíi tuntun lójú rẹ̀.

"Mo ní kí wọ́n máa kọ ọjọ́ sí i láràárọ̀, wọ́n ń kánjú, wọ́n ń fò ó. Mo wá rò ó pé kò sí ọmọ Okun tó máa kánjú débi tí kò ní kí ènìyàn. Bí o bá kí i, á bi ọ́ pé ọjọ́ wo la wà. Ìwọ yọ ìkíni, o yọ ọjọ́ mọ́ ọn."

"Mo ń kánjú ni, sà."

"Mo rí i. Láti géètì ni mo ti rí i."

Ní Ọjọ́bọ̀ mo dá ìkíni náà padà. Ìbéèrè yòówù tó bá ti orí fóònù dé, ètò mi á kọ́kọ́ kọ OKUN, á sọ ọjọ́ òní bó ṣe wà lórí fóònù, kí ó tó béèrè ohunkóhun; prógíráàmù náà á sì kí ẹni tó béèrè padà.

Ọjọ́ Ẹtì, kí Alhájì tó lọ kírun Jímọ̀ọ̀, ó fa àga tì mí. Nọ́ọ̀sì kan wà lórí fóònù láti Ganaja, a jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Oògùn ibà ọmọdé yẹn gan-an ló béèrè. Ó ka èsì rẹ̀ sí wa létí: "Okun o. Oògùn yìí ti kọjá àkókò. Ẹ má lò ó."

Alhájì fajú ro. "Ó tún ti bàjẹ́ ni?"

A gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì náà lókèèrè, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀. Ẹ má tíì fún un." Ọmọ kan ń sunkún níbẹ̀. Nígbà tó padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìgò kan ló kù lọ́wọ́ wa, mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni mo tẹ̀ ránṣẹ́."

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Alhájì dìde, ó ní, "Jẹ́ kó máa kí wọn."

Ara mi kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ń lọ ròyìn fún Bàbá Olú, mo ti ń kí i láti ojú títì.