Màmá Mi Gbá Ilé Orí Fóònù

Èmi ni mo mú màmá mi dé orí ìkànnì náà, nítorí náà mi ò lẹ́nu láti ráhùn. Ìkànnì ọ̀hún kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí ilé lóríṣiríṣi ló rí, sáfà ni wọ́n ń pè wọ́n, olúkúlùkù ló ní onílé tirẹ̀, ará ilé kan sì lè bá ará ilé kejì tàkúrọ̀sọ. Onílé màmá mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Àgbowó, ló kéde pé òun fẹ́ ti sáfà òun pa.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ká màmá mi lára: ọ̀rẹ́ wọn láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tó ti wà lókè òkun tipẹ́. Etí ìyá náà ti di, kò sí fóònù pípè mọ́. Orí ìkànnì yìí nìkan ni wọ́n ti ń pàdé. Láràárọ̀ ni màmá mi máa ń kọ àdúrà, tí ọ̀rẹ́ wọn á fi àmín àti èébú dá wọn lóhùn.

"Ṣé á mọ ibi tí mo kó lọ?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. A ó ṣí àkáùntì tuntun ní sáfà ńlá kan, a ó jẹ́ kí tuntun náà sọ pé òun mọ ti àtijọ́, lẹ́yìn náà la ó wá ti inú ti àtijọ́ kó lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ kò ní bá wọn lọ, àmọ́ gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé wọn á bá wọn débẹ̀.

"Bí ìdána ni," ni wọ́n wí. "Ilé ọkọ ló máa kọ́kọ́ ní àwọn ń retí ìyàwó."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́n! A ṣí tuntun tán ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Mo gba ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Obìnrin tó gbá gbogbo ilé tí a háyà rí, ní Ṣàngó, ní Ṣálẹ́ǹjì, títí dé ìdí ààrò, kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé.

Nígbà tí mo padà délé ní Bódìjà nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín ni mo bá lẹ́nu wọn.

"Mo ti gbálẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ́. Fóònù bi mí bóyá kí òun pa àkáùntì náà rẹ́ pátápátá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọlúàbí kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún onílé."

"Ẹ gbà mí o! Màmá, a ò tíì kó!"

Àkáùntì tó ti parẹ́ kò lè júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ òdòdó òyìnbó kan ni ọ̀rẹ́ wọn ń jẹ́ níbẹ̀, wọn ò sì rántí èwo ni. A wá róòsì, a wá lílì. Àwọn tó ń ta òdòdó la rí. Màmá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbínú mi tán, àánú wọn ló ṣẹ́ kù.

Wọ́n ṣáà ń kọ àdúrà wọn láràárọ̀ sórí àkáùntì tuntun. Èmi nìkan ni mò ń ṣe àmín. Mo gbìyànjú èébú náà, àmọ́ ọmọ ò lè bú ìyá rẹ̀ dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pariwo láti yàrá, mo rò pé ejò ni. Wọ́n na fóònù sí mi. Ìyá olódòdó ti kọ̀wé:

"Olóríkunkun, gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ níbí ni mo ti kí, tí mo bi bóyá òun ni ìwọ. Ọ̀kan ń ta bàtà, ìtìjú mú mi ra méjì. Ṣé ìwọ nìyí? Bí kì í bá ṣe ìwọ, jọ̀ọ́, má ta nǹkan kan fún mi."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Èmi ni mo bá wọn tẹ ìdáhùn: "Èmi ni."