Bébà Tí Alhaji Lẹ̀ Mọ́ Síídì

"Ẹ má ya á o! Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á!"

Mo pariwo débi pé àwọn oní-fọ́tókópì òdìkejì dìde wò wá. Alhaji ti fi èékánná ká etí bébà kan sókè lórí síídì rẹ̀.

Gbogbo ọdún tí mo ti ń tún ẹ̀rọ síídì ṣe ní Agbowó, ohun kan náà ló ń bí mi nínú. Àwọn oníbàárà á máa kẹ́ ìsàlẹ̀ síídì tó ń dán bí ẹni ń kẹ́ ẹyin, wọ́n á wá máa gbé ife tíì lé òkè rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Alhaji, Akobo ló ti wá. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú ló wà nínú síídì yẹn, wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá kan. Kò sí òmíràn, ẹ̀rọ rẹ̀ ò sì kà á mọ́. Mo nu lẹ́ǹsì, mo pààrọ̀ mọ́tò kékeré tó ń yí síídì, pàbó ló já sí. Ọjọ́ méjì ni mo fi jìyà kí n tó rántí ohun tí ọ̀gá mi ní Dùgbẹ̀ máa ń sọ, pé ká wo síídì ká tó tú ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ni mo rí bébà.

"Ta ló lẹ eléyìí?"

"Èmi ni, Ẹnjiníà. Orúkọ mi ni mo kọ sí i, káwọn àbúrò mi má baà gbé e lọ. Ẹ jẹ́ n ya á kúrò."

Ìdí igbe mi nìyẹn. Síídì ò ní abẹ́rẹ́. Iná tín-ín-rín ni lẹ́ǹsì ń ta sí i láti ìsàlẹ̀, bí iná náà ṣe ń ta padà ni ẹ̀rọ ń sọ di ohùn. Àmọ́ inú ike ni iná ń gbà kọjá. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé ọ̀rọ̀ dání, òkè pátápátá ló wà, níbi tí bébà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Tí Alhaji bá ya bébà, á ya ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.

Bébà yẹn ló sì mú ẹ̀gbẹ́ kan wúwo, tí síídì fi ń gbọ̀n tó bá ń yí, tí ẹ̀rọ ò fi lè kà á. Mo rọra tẹ etí tó ká padà, mo gé bébà mìíràn tó bá a dọ́gba, mo lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì lókè níbẹ̀ kí ìwúwo méjèèjì lè ṣe déédéé. Mo ti síídì wọnú ẹ̀rọ.

Ohùn arúgbó obìnrin kan jáde, ó ń fi oríkì pe Alhaji: "Àkànmú, etí ẹ di! Ohun tí mo bá ní o má ṣe náà lo máa ń ṣe!"

Alhaji bú sẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún. Mo yára da ohùn náà kọ sórí fúláàṣì, kó lè ní ẹ̀dà. Inú mi ti rọ̀. Ìyá rẹ̀ ti bá mi bá a wí.