Alùpùpù Bàbá Mi àti Afárá Ọ̀pẹ Méjì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Lasunwọn, níhìn-ín ní Ìkòròdú, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí òórùn kan gba imú mi wọlé. Òórùn bẹntiróò tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ni, irú èyí tí alùpùpù àtijọ́ máa ń jó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì: ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún, ó tún dákẹ́. Mi ò tíì dìde tí mo fi mọ̀ pé ohun kan wà níwájú ẹni tó gùn ún tó ń bà á lẹ́rù.

Ṣadé ni, ọmọ aládùúgbò mi, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi alùpùpù gbé ọjà lọ sílé àwọn oníbàárà. Pákó tí wọ́n gbé sórí gọ́tà iwájú ilé wọn ni kò lè gùn kọjá. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀, mo lọ dúró lẹ́nu géètì, mo ń wò ó. Kò pẹ́ tí mi ò fi rí òun mọ́. Ọ̀nà oko wa ni mo ń rí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́njú nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí fún yín. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àdúgbò wa ni, tí ènìyàn ń gun orí òkìtì kí ó tó lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń pè é. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Abúlé wa wà lẹ́yìn Agbọ̀wá, lápá ibi tí ọ̀sà wà. Ẹ̀gẹ́ là ń gbìn, gààrí sì ni màámi ń ṣe. Láti ibi tí a ti ń yan gààrí dé títì tí ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà ń dúró sí tó máìlì mẹ́ta, ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán sì ni. Alùpùpù gíga kan tí bàbá mi rà lọ́wọ́ àwọn tó wá wọn ilẹ̀ ló ń gbé àpò gààrí jáde. Táyà rẹ̀ ní eyín bí ọ̀nì. Ìjókòó rẹ̀ ga débi pé ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀.

Obìnrin mẹ́ta ni bàbá mi bí, èmi sì ni àkọ́bí. N kò gbọ́ kí ó kédàárò nípa rẹ̀ rí. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó kàn ní kí n bọ́ bàtà. Mo rò pé alùpùpù ló fẹ́ kí n gùn. Ẹsẹ̀ ló ní kí n fi rin ọ̀nà náà dópin, kí n padà wá ka ohun tí mo rí fún un. Ibi mẹ́ta ló le níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gbòǹgbò igi àràbà tó yọ sójú ọ̀nà bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Èkejì ni afárá, igi ọ̀pẹ méjì tí wọ́n so pọ̀ sórí odò kékeré tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú. Ìkẹta ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníyanrìn, kí a tó yọ sí títì.

Bàbá mi kọ́ mi pé tí mo bá dé orí gbòǹgbò, kí n dìde lórí ìjókòó, kí n jẹ́ kí orúnkún mi rọ̀. Lórí iyanrìn, n kò gbọdọ̀ ṣojo dúró lágbedeméjì. Lórí afárá, n kò gbọdọ̀ wo omi, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni alùpùpù ń lọ. Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé tí ọjọ́ méjì bá ti kọjá tí n kò gba afárá, kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín.

Mo ṣubú. Mo ṣubú sínú ewé kókò, mo ṣubú lé ebè oníṣu. Lọ́jọ́ kan mo já wọ àárín adìẹ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àgbébọ̀ kan kò sì fi yé ẹyin. Wọ́n ní èmi ni mo lé ẹyin padà sí i nínú.

Lópin òjò ọdún náà, bàbá mi já bọ́ láti orí àkàbà níbi tó ti ń tún òrùlé ṣe, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Ọjọ́ ọjà Agbọ̀wá ku ọjọ́ mẹ́ta. Bọ̀dá Múfú, ọlọ́kadà abúlé wa, wá kí i. Nígbà tó kí i tán, ó ní kí wọ́n fa alùpùpù náà lé òun lọ́wọ́ títí ẹsẹ̀ yóò fi san. Ìyá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ, pé ọmọbìnrin tó bá ní àpá lójú, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Màámi tẹjú mọ́ gààrí tí wọ́n ń yan nínú agbada. Bàbá mi wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní àpò mẹ́rin ló wà nílẹ̀: kí Múfú fi ọ̀kadà tirẹ̀ gbé méjì, kí n gbé méjì. Bí méjì tèmi bá dé títì ní gbígbẹ, alùpùpù náà di ti ọwọ́ mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Múfú máa gùn ún lọ láti ibẹ̀.

Kùrukùru bo ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjà náà. Bọ̀dá Múfú béèrè bóyá wọ́n ń kọ́ wa ní bíréèkì ní sùkúù wa. Mo gbéra. Mo dìde lórí gbòǹgbò àràbà, orúnkún mi rọ̀, àpò ẹ̀yìn mi kò mì. Nígbà tí a dé afárá, mo dúró, mo bọ́ bàtà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ kí afárá ni? Kúnlẹ̀ kí i dáadáa."

Ìṣísẹ̀ kejì ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi yọ̀. Ìgbà náà ni mo rántí. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń lọ, àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ máa ń yí ọ̀pẹ méjèèjì padà, kí ẹ̀gbẹ́ tó ti mumi lè rí oòrùn, kó má bàa jẹrà. Wọ́n ti yí i. Ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè báyìí ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mọ̀. Ta ló ń rántí sọ fún ọlọ́kadà? Mo fò padà sí etí odò.

"Bọ̀dá Múfú, ẹ dúró, wọ́n ti yí i."

Ó ti gbéra, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó dé àárín kí táyà tó yọ̀. Ọ̀kadà dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pẹ, àpò kan há sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun àti àpò kejì wọ odò.

Mo fà á jáde, a gbé ọ̀kadà rẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo fi ìborùn mi bu iyanrìn ní etí odò, mo wọ́n ọn sórí ọ̀pẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo tún rìn ín. Lẹ́yìn náà ni mo gun alùpùpù, mo tẹjú mọ́ igi kan ní òdì kejì, mo kọjá.

Nígbà tí mo fẹsẹ̀ rìn padà, ó jókòó lórí koríko, ó ń fún omi kúrò nínú fìlà rẹ̀.

"Àbúrò," ó ní, "bá mi gun tèmi náà kọjá. Ọ̀pẹ yẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n."

Kò pè mí ní àbúrò rí. Mo gùn ún kọjá fún un. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníyanrìn kò tiẹ̀ tó nǹkan mọ́ lọ́jọ́ náà. Àpò mẹ́ta ló dé ọkọ̀ ní gbígbẹ, méjì tèmi sì wà nínú rẹ̀.

Bọ̀dá Múfú fúnra rẹ̀ ló ròyìn nílé, kò fi ohunkóhun pamọ́. Bàbá mi kò yìn mí. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Ṣé o fi ẹsẹ̀ rìn ín?"

"Mo rìn ín, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó tú kọ́kọ́rọ́ kejì alùpùpù náà kúrò nínú okùn ọrùn rẹ̀, ó nà án sí mi. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní bí Jímọ̀ bá dé, kí n gbé àwọn dé Agbọ̀wá, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ sáré.

Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe afárá náà báyìí, mọ́tò ń gba orí rẹ̀. Wọ́n ti gé àràbà, ilé ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ti lọ, alùpùpù rẹ̀ ti di irin tí ìpẹtà jẹ. Èmi náà kò gun ọ̀kankan mọ́ láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ kejì. Ṣùgbọ́n n kì í gba yàrá, n kì í sì í tọwọ́ bọ̀wé, láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ibẹ̀ wò. Ìyẹn kò tíì dípẹtà.

Mo pe Ṣadé. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó bọ́ bàtà, kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin pákó náà.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ máṣíìnì gùn ni?"

Mo na ọwọ́ sí pákó náà. Ó rìn ín, ó sì rí i pé igun kan ń mì. Ó wá òkúta ki abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tún gùn ún, kò wo gọ́tà rárá. Géètì mi ló tẹjú mọ́, ó sì kọjá. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé n kò ṣa ẹyọ kan: ọwọ́ ọ̀tún mi ń yí lófìfo, bí ẹni tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára.