Àwọn Àjèjì Tí Bàbá Mi Ń Kí

Èmi kì í ta ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó yẹn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí bí mo ṣe máa ń bínú sí ìkànnì tí wọ́n ti ń ta á lórí fóònù, ẹni tó bá gbọ́ mi á rò pé èmi ni wọ́n ń nà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá mi ló ń ta á. Tèmi ò ju kí n jókòó sí tòsí, kí n máa bá wọn ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí n sì máa bú àwọn tí n kò lè rí lójúkojú.

Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Níbi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tíṣà ni àlùfáà kan ti kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì nígbà èwe wọn. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí ìjọba bá gbé wọn lọ, pátákó onígi yẹn máa ń bá ẹrù wọn lọ. Ní Ìrókò, akọ̀wé kóòtù kan ni wọ́n kọ́, kí wọ́n lè rí ẹni bá ta á. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wá sí Lálúpọn níbí, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́, bàbá náà sì ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ báyìí. Ìyá mi ni kò gbà kí wọ́n kọ́ àwọn. Wọ́n ní eré tí ayaba ń sáré sókè sódò, tí ọba jókòó sójú kan tí gbogbo ayé ń ṣọ́ ọ, àwọn ti ń ta irú ẹ̀ nínú ilé látọjọ́ tí àwọn ti wọlé ọkọ.

Iṣẹ́ tìyá mi ni kí wọ́n dáhùn. Bàbá mi kì í wọlé láìkí ilé. Wọ́n á dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á ní, "Ẹ kúulé o. Ṣé dáadáa la bá yín?" Ìyá mi á sì dáhùn láti ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, ohùn wọn á la ilé já: "Dáadáa ni o, ẹ káàbọ̀! Gbogbo wa wà láàyè." Gbogbo wa ni wọ́n ń dáhùn fún, títí kan àwa tí a ń sùn lọ́wọ́, títí kan àwọn ewúrẹ́.

Lọ́dún tó kọjá ni ìyá mi kú. Mo ní kí wọ́n gbé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà lápá Alákíà wá sí Lálúpọn, kí bàbá mi má bàa dá gbé. Tí mo bá ti lọ síṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á kọjú sí ògiri. Oúnjẹ ọ̀sán tí mo bá bò sílẹ̀, bí mo ṣe bò ó náà ni n ó ṣe bá a. Kò sí ibi tó ń dùn wọ́n. Wọn ò ṣáà rí ohun tí wọ́n fẹ́ dìde fún ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní parọ́, ìgbàkígbà tí mo bá ń ṣí géètì wọlé lọ́sàn-án, mo máa ń kọ́kọ́ dúró, nítorí mò ń rò ó pé lọ́jọ́ kan n ó pè wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọn ò ní yíjú sí mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ló mú ọ̀rọ̀ áàpù ṣẹ́ẹ̀sì wá. Mo ra fóònù tójú ẹ̀ fẹ̀, àbúrò mi sì forúkọ wọn sílẹ̀ lórí ìkànnì náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ta á títí fóònù fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó jáde nílé ni wọ́n ti wẹ̀. Nígbà tí mo dé, pálọ̀ ni mo ti bá wọn, bùbá funfun lọ́rùn, fìlà lórí, wọ́n fi fóònù ti ìwé orin lórí tábìlì iwájú wọn. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀, mo nujú, mo tún jáde sí wọn.

"Dádì, wọn ò rí yín o," ni mo wí. "Síngílẹ́ẹ̀tì náà ti tó."

"Mo mọ̀ pé wọn ò rí mi. Èmi ń rí ara mi."

Ìkíni ló wá fa wàhálà. Lójú bàbá mi, èèyàn kì í jókòó ti èèyàn kó má kí i. Lórí ìkànnì náà, àyè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tí àwọn méjì tó ń ta á ti lè kọ̀rọ̀ síra wọn. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Lédè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ geere, ìka kan ṣoṣo, wọ́n á kí onítọ̀hún pé ẹ káàsán, tàbí ẹ káalẹ́ tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiyín, ṣé dáadáa lẹ wà, ará ilé ńkọ́. Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fún gbogbo eré, aago ìkànnì yẹn kì í sì í dúró de ẹni tó ń kíni. Kí bàbá mi tó kan ará ilé, aago ti bù lára àkókò wọn. Àìmọye eré tó ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n pàdánù bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dáhùn rárá. Òmíràn á fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́. Òmíràn á ní kí bàbá mi yéé sọ̀rọ̀, kí wọ́n ta ohun tí wọ́n fẹ́ ta. Àwọn tó wá burú jù ni àwọn tó bá rí àsíá Nàìjíríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá mi, tí wọ́n á kọ ọ́ pé gbájúẹ̀ ti dé, pé kò ní pẹ́ tí yóò fi tọrọ owó. Bàbá mi, tí kì í mú ṣọ́ọ̀kì ìjọba bọ àpò! Inú mi ru. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká yọ àsíá náà, ká fi ti ìlú mìíràn síbẹ̀.

"Ìlú wo?" ni bàbá mi bi mí.

"Ìlúkílùú tó bá ṣáà ti wù yín, sà."

"Tí ẹnìkan bá wá béèrè ará ilé lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ilé ta ni kí n sọ pé ó wà dáadáa?"

Kò sẹ́ni tó ń béèrè. Àfi ẹyọ obìnrin kan, tó fi àwòrán ajá síbi tó yẹ kí àwòrán tiẹ̀ wà. Obìnrin náà dáhùn pé òun wà dáadáa, pé àárọ̀ ni lọ́dọ̀ òun, òtútù sì pọ̀, pé òun ò ní ará ilé kankan àfi ajá yìí, ajá náà sì wà dáadáa. Bàbá mi ké pè mí láti pálọ̀ kí n wá kà á. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tí wọn ò sọ ọ́ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní obìnrin náà pa àwọn ní ìpakúpa, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Nígbà tó yá wọ́n fẹ́ béèrè àlàáfíà ajá, a ò rí obìnrin náà mọ́. Ẹni tó bá wu ìkànnì yẹn ló ń gbé kò yín, bí eré bá sì ti parí, á tún gbé e lọ. Nínú gbogbo ìwà burúkú tó ń hù, èyí ló dùn mí jù.

Àwọn mìíràn wà tí mi ò tíì rí irú wọn rí. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé àwọn ti kú nínú eré, wọn ò ní gbà, wọn ò sì ní ta nǹkan kan mọ́. Wọ́n á kàn fi aago sílẹ̀ kó máa lọ, bóyá ó lè sú bàbá mi kí wọ́n dìde. Bàbá mi á jókòó tì wọ́n pẹ̀lú fìlà lórí, èmi á sì máa pariwo mọ́ fóònù.

"Rọra," bàbá mi á ní. "Bóyá ìyàwó ẹ̀ ló ń pè é."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá tún ní tiẹ̀. Nílé wa, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé iwájú nìkan ló ti máa ń lágbára, bí òjò bá sì ti ṣú, ó ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó ku díẹ̀ kí bàbá mi jẹ ẹnìkan tó ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bọ̀, òjò dé, ojú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrí. Nígbà tó padà, ohun tí ìkànnì kọ ni pé bàbá mi ti sá kúrò nídìí eré. Ó yọ nínú máàkì wọn, ó sì kìlọ̀ fún wọn.

"Wọ́n ní mo sá," ni bàbá mi wí.

"Dádì, òjò ni."

"Ẹni yẹn ò mọ̀ pé òjò ni. Yóò ti rò pé mo rí i pé mo fẹ́ fìdí rẹmi ni."

Wọn ò tilẹ̀ rántí pé àwọn gan-an ló fẹ́ jẹ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ kún ìkíni wọn. Wọ́n á kọ ọ́ pé bí ẹ bá ṣàdédé wá mi tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kì í ṣe àfojúdi. Ìkíni wá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí pé kò ṣeé fi ìka kan tẹ̀ mọ́, àbúrò mi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa gbé odindi ẹ̀ lọ fún ẹni tó bá kàn. Inú bàbá mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìkànnì ti tẹ̀ wọ́n. Ìwé dé pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni yìí ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, pé irú àwọn tó ń polówó ọjà kiri ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó ṣì lè ta ṣẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá mi kà á tán, wọ́n tún un kà. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ máa ta á lọ bẹ́ẹ̀, Dádì," ni mo wí. "Wọn kì í kúkú dáhùn tẹ́lẹ̀."

"Àìdáhùn tiwọn, ọrùn wọn ló wà. Mi ò lè jókòó ti ẹni tí mi ò kí, Tíṣà."

Tíṣà ni wọ́n máa ń pè mí tí wọn ò bá fẹ́ kí n jiyàn. Wọ́n wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo bá oúnjẹ ọ̀sán bí mo ṣe bò ó, ẹ̀yìn bàbá mi ni mo sì rí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo kọ̀wé sí àwọn alákòóso ìkànnì náà. Mo rọra kọ ọ́, èmi tí ẹnu mi mú báyìí. Mo ṣàlàyé pé bàbá àgbà ni, pé ìkíni lásán ni, pé ìyàwó wọn kú. Kíá ni èsì dé. Ó kí mi tìdùnnú-tìdùnnú, ó ní òun nírètí pé ara mi le, ó dúpẹ́ pé mo kàn sí òun, ó sì tún ka òfin tó ti wà nínú ìwé àkọ́kọ́ fún mi lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rọ ni. Àwọn tó pa bàbá mi lẹ́nu mọ́ nítorí ìkíni ti ṣe ẹ̀rọ tó ń kíni ju bàbá mi lọ. Díẹ̀ ló kù kí n la fóònù mọ́lẹ̀.

Mo ní kí bàbá mi kọ́ èmi fúnra mi. Wọ́n gbé pátákó onígi jáde tìfẹ́tìfẹ́. Àmọ́ ìrìn ẹṣin ò yé mi, ó ń lọ síwájú, ó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tó yá mo jágbe mọ́ ẹṣin. Bàbá mi rọra kó gbogbo ẹ̀ padà sínú àpótí. Wọ́n ní ìyá mi ni mo jọ. Wọ́n tún padà sí bẹ́ẹ̀dì, èmi náà sì padà sí ìbẹ̀rù mi lẹ́nu géètì.

Ọ̀sán Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rọ tí àwọn ará ẹ̀yìn wa fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, ìyẹn ni mo fi gbọ́ ohùn bàbá mi láti pálọ̀.

"Ẹ káàsán o. Ṣé dáadáa la bá yín? Ará ilé ńkọ́?"

Mo rò pé àlejò dé. Mo nu ọwọ́, mo bu omi sí ife, mo gbé e lọ. Nígbà tí mo fa kọ́tìnnì, kò sí àlejò kankan, ẹni inú fóònù ni wọ́n ń fẹnu kí. Bàbá mi dá jókòó, wọ́n dé fìlà, fóònù wà lára ìwé orin. Àwọ̀ funfun ni ìkànnì fún wọn, àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ ta. Wọn ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Aago wọn ń lọ, àwọn náà kàn ń wo fóònù, wọ́n tẹ orí díẹ̀, bí ẹni tó kí èèyàn tó ń retí èsì.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó. Mo mọ bàbá mi, wọ́n lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí aago á fi tán, kí wọ́n dìde, kí wọ́n bọ́ fìlà yẹn, kí wọ́n má sì dé e mọ́.

"Dáadáa ni o!" ni mo ké láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Ẹ káàsán, sà. Gbogbo wa wà láàyè."

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Bàbá mi ò wẹ̀yìn. Mo rí i tí èjìká wọn wálẹ̀.

"A dúpẹ́," ni wọ́n sọ fún fóònù, wọ́n sì ti ọmọ ogun kan síwájú.

Ẹni náà jẹ wọ́n. Aago ló pa wọ́n, bó ṣe máa ń pa wọ́n. Mo gbé omi síwájú wọn, mo ní ṣé kí n gbé oúnjẹ wá, kí n tó padà sídìí ẹ̀wà mi.

"Dúró ná, Tíṣà," ni bàbá mi wí, wọ́n ń tún fìlà wọn ṣe. "Ẹlòmíràn ti ń bọ̀. Tó o bá lọ, ta ni yóò dá mi lóhùn?"

Mo lọ gbé àtẹ ẹ̀wà mi wá sí pálọ̀.