Ìyá Àgbà Tó Ń Jókòó Tì Mí Ní Kíláàsì

Ẹnu ìyá àgbà ni mo tẹjú mọ́. Tíṣà wà níwájú pátákó, ètè rẹ̀ ń lọ wéréwéré bí ẹnu ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì mi, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀ láìpariwo: "Ó ní kí ẹ kọ ẹẹ́jọ sílẹ̀." Òórùn èéfín àti òrí wà lára wọn, nítorí wọ́n ti po òrí kí a tó jáde nílé.

Mo ti pé ọmọ ọdún méje kí ibà kan tó di etí mi pa. Ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò wa ní Ṣakí sọ fún bàbá mi pé àwọn kò ní olùkọ́ tó lè kọ́ adití. Kí wọ́n mú mi lọ sí ìlú ńlá tàbí kí wọ́n fi mí sílé. Wọ́n ní ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló dáhùn.

"Ṣebí etí ló dí, ojú rẹ̀ kò fọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa jókòó tì í."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ lójoojúmọ́. Ìyá àgbà kò mọ̀wé. Nígbà tí a dé kíláàsì kẹrin tí òyìnbó pọ̀ nínú ẹ̀kọ́, wọn kò gbọ́ èdè náà, síbẹ̀ wọ́n ń pe ohun tí tíṣà bá sọ bí wọ́n ti lè pè é. Lọ́jọ́ tí a ṣe àpèkọ, mo kọ "búrẹ́dì" sínú ìwé mi dípò "bread", gẹ́lẹ́ bí ẹnu wọn ti pè é. Ẹnì kan gba ìwé náà, ó gbé e sókè. N kò gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ yòókù, ṣùgbọ́n mo rí eyín gbogbo kíláàsì.

Láti ọjọ́ náà, n kò fẹ́ kí èmi àti ìyá àgbà jọ rìn mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé tíṣà tuntun wá láti Tẹ̀dé, ọ̀dọ́kùnrin kan. Ó bá ìyá àgbà lórí àpótí, ó lóṣòó níwájú mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí n lè kà á lẹ́nu rẹ̀: "Ta ni ìyá yìí jẹ́ sí ọ?"

Gbogbo ojú wà lára mi.

"N kò mọ̀ wọ́n," ni mo wí. "Òrí ni wọ́n ń tà."

Ìyá àgbà yíjú sí tíṣà, mo sì rí ọ̀rọ̀ náà kedere: "Òótọ́ lọmọ sọ. Òrí ni mo wá tà. Ẹ má bínú." Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n jáde sínú oòrùn.

Wọn kò fẹjọ́ mi sun bàbá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n múra, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé kí n bá ọ lọ?"

Mo ní rárá. Wọ́n sì padà jókòó.

Mo jókòó bí ẹrù ní kíláàsì títí ọdún fi parí, mo sì fìdí rẹmi. Bàbá mi wá mú mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití lókèèrè, níbi tí mo ti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá àgbà fi kú.

Tíṣà ni mí báyìí. Ilé-ìwé ìjọba kan ní Òkè-Ògùn ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn, èmi ni mò ń kọ́ wọn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo iṣẹ́ wa. Wọ́n kọ ìbéèrè sínú ìwé fún mi: ta ló kọ́kọ́ kọ́ mi lẹ́yìn tí etí mi dí? Mo kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè náà. Wọ́n mi orí, wọ́n lọ.

Mo jókòó sídìí tábìlì. Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rín àwọn ọmọ ló mú mi sẹ́ ìyá àgbà nígbà náà. Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ náà wá, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, mo sì tún sẹ́ wọn.