Ìbọn Abọ́dẹrìn Kò Bá Wọn Lọ

Nígbà tí Abọ́dẹrìn ọdẹ kú ní Ìwàrò-Ọ̀kà, kò fi mọ́tò sílẹ̀, kò sì fi ilé alájà sílẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló fi sílẹ̀ fún Yẹ̀kínì ọmọ rẹ̀. Ìbọn náà ló sì fi bọ́ wọn nígbà ayé rẹ̀. Bó bá ti pa ọ̀yà, Àsàmáù ìyàwó rẹ̀ a yan án, a gbé e lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ni Yẹ̀kínì ti rí bàtà wọ lọ sí iléèwé.

Yẹ̀kínì dàgbà, ó di ṣọ́jà, ó di Sájẹ́ǹtì ní bárékè kan ní Àkúrẹ́. Ó gba ìwé àṣẹ ìbọn náà sí orúkọ ara rẹ̀, yàrá ìbọn bárékè ló sì ń fi í pamọ́ sí. Bó bá gba ìsinmi, á mú un wálé, á wọ igbó ẹ̀yìn òkè, á pa ẹran fún ìyá rẹ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Ondo, àṣẹ dé pé kí àwọn ọmọ ogun wọn ṣí lọ sí ìlú kan lókè Ọya. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀mí ti ṣòfò, ìjọba sì ti fòfin de ìbọn àdáni, ìbáà jẹ́ ti ọdẹ, ìbáà jẹ́ ti ṣọ́jà. Ọ̀gá wọn tò wọ́n sórí ìlà.

Ó ní, "A ó ti yàrá ìbọn. Ẹni tó bá ní ìbọn tirẹ̀ níbẹ̀, kó mú un, kó wá ibi tí òfin gbà fi í sí ká tó dé ọ̀hún. Mi ò fẹ́ rí ẹyọ kan nínú ẹrù yín."

Kọ́púrà Adébíyìí ló wa lọ́rì tó kó ẹrù Yẹ̀kínì. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Àkùngbá, Yẹ̀kínì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yà sí Ìwàrò kí òun lè dágbére fún ìyá òun. Rùkáyàt ìyàwó rẹ̀ àti Raliat ọmọ wọn jókòó sórí matíráàsì lẹ́yìn lọ́rì.

Bí Àsàmáù ti rí ìbọn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. "Fi sílẹ̀ fún mi. N ó so ó mọ́ àjà bí bàbá rẹ ti máa ń so ó."

"Yèyé, òfin ò gbà á. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú. Àgọ́ ọlọ́pàá Ìkàrẹ́ ni mo fẹ́ gbé e sí títí n ó fi dé."

"Àgọ́ ọlọ́pàá kẹ̀! Kí ló wọ ibẹ̀ rí tó jáde? Ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ fọwọ́ kàn tó kù fún wa nìyí!" Omi ti ń bọ́ lójú ìyá àgbà náà.

Yẹ̀kínì kò lè wo ojú rẹ̀. Adébíyìí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ń tú lọ́rì ṣọ́jà? Ẹ jẹ́ ká yí i mọ́ ẹní, ká tì í sábẹ́ matíráàsì. Bá a bá débẹ̀ tán, ẹ óò mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é."

Yẹ̀kínì mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyá rẹ̀ ti mú un lọ́kàn, ó sì gbà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìbọn náà kò ní wọ àgọ́ ọlọ́pàá mọ́.

Nígbà tí wọ́n dúró ra búrẹ́dì ní Ìkàrẹ́, Rùkáyàt sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá Raliat, kí ló le gbandi lábẹ́ mi yìí?"

Yẹ̀kínì sọ òótọ́ fún un. Rùkáyàt kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Bí wọ́n bá rí i ńkọ́?"

"Wọ́n á tì mí mọ́lé. Wọ́n lè gba ipò mi lọ́wọ́ mi."

"Èmi àti ọmọ rẹ la jókòó lé e. Bí wọ́n bá bi wá, kí ni kí a wí?"

Yẹ̀kínì wọ inú lọ́rì, ó fa ẹní jáde, ó ṣí ìbọn náà, ó wo inú ihò rẹ̀ méjèèjì bóyá ọta wà níbẹ̀, ó sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìnsípẹ́kítọ̀ Florence ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Yẹ̀kínì ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dípẹtà."

"Sájẹ́ǹtì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìbọn pọ̀ níbí, a ò sì rí ẹni tí yóò máa nù wọ́n. Ṣùgbọ́n kò ní sọnù."

Yẹ̀kínì rán ọlọ́kadà kan tó jẹ́ ọmọ Ìwàrò sí ìyá rẹ̀ pé àgọ́ ọlọ́pàá ni ìbọn wà, kí ó dárí ji òun. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì forí lé ọ̀nà Kàbà.

Ní ẹnu géètì bárékè tuntun, gbogbo ẹrù pátá ni wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n rí ìbọn ìṣọdẹ nínú àpò ìrẹsì ṣọ́jà kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Níbẹ̀ lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti gba fìlà àti bẹ́líìtì rẹ̀, tí wọ́n sì mú un lọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà, òun àti Yẹ̀kínì ti jọ jẹun rí.

Ọdún yí po, ọdún tún yí po. Gbogbo ìkíni tó ń rán sílé, Àsàmáù kò fèsì. Ohun tí Yẹ̀kínì kò mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ ti mú àkísà àti kẹrosíìnì, ó ti wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ bá Florence.

"Ìbọn ọkọ mi ni mo wá nù."

"Màmá, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ohun tó wà níbí."

Àsàmáù jókòó sábẹ́ igi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó sì lọ sílé. Ní ọjọ́ ọjà mìíràn, ó tún dé. Nígbà tó yá, Florence ní kí ọlọ́pàá kan gbé ìbọn náà jáde, kó dì í mú lórí tábìlì kí ìyá nù ún. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí Àsàmáù bá ń bọ̀, á yan iṣu dání fún àwọn ọlọ́pàá, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ bó ti ń nù ún.

Nígbà tí wọ́n gbé Yẹ̀kínì padà sí Àkúrẹ́, ó lọ gba ìbọn rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n Florence ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá níbẹ̀ gbé ìbọn náà wá, ó ń dán gbinrin.

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Oníbọn ló ń wá nù ún. Ṣé ìyá yín ni?"

Yẹ̀kínì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gbé ìbọn náà lọ́wọ́. Nígbà tó dé Ìwàrò, Àsàmáù ń pa ẹ̀gúsí níwájú ilé. Yẹ̀kínì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Yèyé, wọ́n ti sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi."

Ìyá rẹ̀ gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò ní itan. "Dìde. Inú bí mi sí ọ, mi ò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ ṣáájú rẹ wálé, ó sọ fún mi nípa ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n mú. Mo ro ti ìyá tirẹ̀ wò." Ó gbé ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ebi ò pa ọ́?"